Òfin Kò Yọ Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ Sílẹ̀



Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, ní àdúgbò Sienna níbí, ìyá kan ń mú ọmọkùnrin rẹ̀ lọ sílé ìwé. Wọ́n ń sọdá ní ojú ibi tí a sàmì sí fún ẹlẹ́sẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ gbá wọn. Ìyá kú, ọmọ farapa gidigidi. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn aṣòfin Texas ṣe gbé òfin jáde tí wọ́n fi orúkọ ìyá náà pè, Lisa Torry Smith Act, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Láti ìgbà náà, awakọ̀ tí àìbìkítà rẹ̀ bá ṣe ènìyàn léṣe ní irú ojú ibẹ̀ ti dáràn.

Òfin yìí dárúkọ ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n láàrin àwọn tí à ń dáàbò bò ni. Bóyá ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń sọ pé onímọ́tò nìkan lòfin ń mú. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì pẹ́ tí kẹ̀kẹ́ ológeere dé tí ilé ẹjọ́ ti sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1879, ní England, wọ́n pe ọkùnrin kan lẹ́jọ́ pé ó sá kẹ̀kẹ́ ní eré àsápajúdé ní Muswell Hill. Ó ní òfin 1835 tí wọ́n fi mú òun, ti ọkọ̀ ni, kẹ̀kẹ́ kì í sì í ṣe ọkọ̀. Àwọn adájọ́ ní ọkọ̀ ni. Ní 1888, ìjọba wọn kọ ọ́ sínú òfin.

Nílé ńkọ́? Àwọn bàbá wa san owó láìsẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́. (A mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń rẹ́rìn-ín.) Títí di òní, Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ka láìsẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́ mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú ti ọkọ̀ ọlọ́pọ́n àti ọmọlanke. Ẹni tó bá gun ohun tó ní láìsẹ́ǹsì kò lè sọ pé òfin kò mọ òun.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí, ní San Francisco ní 2012, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kan gbá bàbá ẹni ọdún 71 tó ń sọdá títì. Bàbá náà kú. Ní 2013, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ náà gbà pé òun jẹ̀bi ìpànìyàn. Wọ́n fún un ní ọdún mẹ́ta lábẹ́ ìṣọ́ ilé ẹjọ́ àti wákàtí 1,000 iṣẹ́ ìlú. Kò ṣẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ó jẹ̀bi ọ̀ràn náà.

Àwa nọ́ọ̀sì mọ ohun tí ìṣubú kan ń ṣe fún àgbàlagbà. Àwọn ìyá wa tó wá wẹ ọmọ fẹ́ràn àtirìn láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Etí òmíràn nínú wọn kò já fáfá mọ́. Ọmọkùnrin kan á yọ lẹ́yìn wọn láìlu aago. Egungun ìbàdí tó dá lọ́jọ́ orí yẹn, ẹlòmíràn kì í padà rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ní Texas, orí 551 òfin ìrìnnà sọ pé ẹ̀tọ́ àti ojúṣe awakọ̀ ni ti ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lójú títì, àfi èyí tí kò bá kẹ̀kẹ́ mu. Iná pupa dá a dúró bó ṣe dá mọ́tò dúró. Kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì. Lálẹ́, ó gbọ́dọ̀ ní iná funfun níwájú tí a lè rí láti 500 ẹsẹ̀ bàtà, àti pupa lẹ́yìn. Ìlà kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa kò tíì kà: òbí kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rú òfin wọ̀nyí.

Bí ẹjọ́ owó bá sì dé, ìnṣọ́ránsì ilé ló sábà máa ń gba irú rẹ̀, kì í ṣe ti mọ́tò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú tiyín jáde kí ẹ kà á.