Ìtàn Fáìlì: Láti Inú Kọ́bọ́ọ̀dù Dé Inú Kọ̀ǹpútà Ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Iṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ ìwé ni. Láti ọjọ́ tí ó bá ti gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ títí di ọjọ́ tí yóò fẹ̀yìn tì, bébà ni ẹlẹ́rìí rẹ̀: ìwé ẹ̀rí, lẹ́tà ìgbéga, rẹ́jísítà, èsì ìdánwò àwọn ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni ikán kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ìwé ẹ̀rí àti ewé gbígbẹ, òjò tó ń jò láti orí páànù kò sì mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ bá sọnù lè rìn títí kí ó tó rí owó ìfẹ̀yìntì gbà. Nítorí náà, ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wo ẹ̀yìn, kí a mọ bí fáìlì ti bẹ̀rẹ̀, bí ó ti ṣe dé inú kọ̀ǹpútà, àti bóyá a lè gbẹ́kẹ̀ lé e níbẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ Fáìlì

Kí mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tó dé ilẹ̀ Yorùbá, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn, ọpọlọ àwọn arọ́kìn sì ni ilé ìpamọ́ ìtàn àwọn ọba Ọ̀yọ́. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí bébà ti pọ̀, wàhálà tiwọn yàtọ̀. Títí di òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣe ni wọ́n ń ká lẹ́tà, tí wọ́n ń dì í ní ìdì-ìdì, tí wọ́n ń kì í bọ inú ihò kéékèèké ara kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ wà nínú ìwé ńlá kan, ní títẹ̀lé ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo ọ̀rọ̀ oníbàárà kan yóò tú ọ̀pọ̀ ìdì kí ó tó rí i. Ilé iṣẹ́ Library Bureau, tí Melvil Dewey dá sílẹ̀ ní 1876, wà lára àwọn tó yí èyí padà. Ní 1893, níbi ìpàtẹ ńlá ìlú Chicago, wọ́n fi fáìlì olóròó han ayé: ìwé ń dúró gbọnrangandan nínú àpótí, ọ̀rọ̀ kan nínú páálí kan, àmì orúkọ sì yọrí lókè.

Fáìlì bá ìjọba amúnisìn dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn ìwé ìjọba wò ní 1951, ó hàn pé ìtàn wa ń ṣòfò nínú yàrá tí kò ní olùtọ́jú. Iṣẹ́ rẹ̀ ló bí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní 1954, tí òfin sì fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní 1957. Ẹni tó bá dé ilé náà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn yóò rí fáìlì ìgbà amúnisìn tí a ṣì ń kà.

Bí Ẹ̀rọ Ti Gba Iṣẹ́ Bébà

Ní 1945, Vannevar Bush, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan nípa tábìlì kan tó rí nínú ọkàn rẹ̀. Ó pè é ní memex: gbogbo ìwé ènìyàn yóò wà nínú rẹ̀ lórí fíìmù kéékèèké, a ó sì so ọ̀rọ̀ kan mọ́ èkejì. Kò sí ẹni tó kàn án, ṣùgbọ́n èrò náà kò kú. Ní 1956, IBM gbé RAMAC jáde: àwo 50, ìwọ̀n bíi tọ́ọ̀nù 1, síbẹ̀ ibi tó ní kò ju àyè mílíọ̀nù 5 lẹ́tà lọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Russell Kirsch àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ ya fọ́tò ọmọ rẹ̀ jòjòló wọ inú kọ̀ǹpútà. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tí a fi ń ya ìwé wọ inú kọ̀ǹpútà lónìí ti ṣẹ̀.

Ní 1975, George Pake, ọ̀gá ibùdó ìwádìí Xerox, sọ nínú ìwé ìròyìn Business Week pé tó bá fi tó ogún ọdún sí i, ojú amóhùnmáwòrán ni òun yóò ti máa pe ìwé jáde, bébà kò sì ní pọ̀ lọ́wọ́ òun. Ìdajì àsọtẹ́lẹ̀ náà ṣẹ. Kọ̀ǹpútà Star tí Xerox ṣe ní 1981 fi àwòrán páálí fáìlì hàn lójú ẹ̀rọ. Ọdún yẹn náà ni IBM gbé kọ̀ǹpútà ẹni kọ̀ọ̀kan jáde; ní 1983 ni ètò DOS rẹ̀ tó gba kí a fi fódà sínú fódà, orúkọ fáìlì kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 8 lọ, pẹ̀lú 3 tí ń sọ irú tó jẹ́. Windows 95 ló tú ènìyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ ìhá yìí. Ní 1993, Adobe mú PDF wá, tí kì í jẹ́ kí ojú ìwé yí padà bó ti wù kí a gbé e kiri. Ṣùgbọ́n bébà kò dín. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó rọjú mú kí ó pọ̀ sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí ó rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti tẹ ohun tí a kò nílò.

Ẹ̀kọ́ Domesday

Kí a má ṣe yára sọ pé ìṣòro ti tán. Ní 1986, BBC ṣe ìrántí ẹgbẹ̀rún ọdún ó dín ọgọ́rùn-ún tí wọ́n kọ Domesday, ìwé ìkànìyàn àti ilẹ̀ tí ọba William pàṣẹ rẹ̀ ní England. Wọ́n kó àwòrán àti ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú sórí àwo méjì. Nígbà tó fi di 2002, ẹ̀rọ tó lè ka àwo náà ti di ọ̀wọ́n; àwọn onímọ̀ Leeds àti Michigan ló ṣaápọn kí wọ́n tó rí i kà. Ìwé 1086 ńkọ́? Wọ́n ṣì ń ṣí i kà. Kì í ṣe ikán ló jẹ àwo náà. Ẹ̀rọ rẹ̀ ni kò sí mọ́. Ní 2005, àjọ ISO gbé PDF/A kalẹ̀, irú PDF tí a ṣe fún ìpamọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́.

Ohun tí Olùkọ́ Lè Ṣe

Ìtàn yìí ti tọ́ka ọ̀nà fún wa. Ya ìwé rẹ sínú kọ̀ǹpútà, fi fóònù yà á bí ẹ̀rọ mìíràn kò bá sí, kí o sì sọ ọ́ di PDF. Ṣí fódà mẹ́rin tàbí márùn-ún péré, bí àpẹẹrẹ: Iṣẹ́, Ẹ̀kọ́, Owó, Ìlera. Fi ọdún, oṣù àti ọjọ́ ṣáájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, bíi ‘2024-09-03 Lẹ́tà Ìgbéga’. Kọ̀ǹpútà yóò tò wọ́n bí wọ́n ti tẹ̀ léra láìjẹ́ pé o fọwọ́ tò ó. Jẹ́ kí ẹ̀dà wà ní ibi mẹ́ta, kí ọ̀kan jìnnà sí ilé. Bí ẹ̀rọ tuntun bá dé, kó o lọ síbẹ̀ kí ti àtijọ́ tó kú.

Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ní abala 84, gba ìwé tí kọ̀ǹpútà gbé jáde ní ilé ẹjọ́ Nàìjíríà, bí a bá pa ìlànà rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ẹ má ṣe torí èyí sun ìwé ẹ̀rí yín. Inú kọ̀ǹpútà ni ká ti máa wá a, inú àpótí ni kí ojúlówó máa gbé. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.