Igba Ọ̀kẹ́ fún Kòsọ́kọ́

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, Kòsọ́kọ́, ọba tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò l'Ékòó ní ìparí 1851, bá Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba wọn, ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní lọ́dọọdún, á máa gba ẹgbàá owó ẹyọ lọ́nà 2,000, tàbí 1,000 dọ́là, èyí tó bá wù ú.

Ẹgbàá kan jẹ́ 2,000 ẹyọ. Ìyẹn jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin ẹyọ lápapọ̀. Ta ló fẹ́ jókòó ka ìyẹn?

Kò sẹ́ni tó ń kà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá kan, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921. Owó Kòsọ́kọ́ di igba ọ̀kẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe mílíọ̀nù kan ní àádọ́ta ọ̀kẹ́, àpò owó ẹyọ àádọ́ta lẹ ń kà lẹ́nu o!

Ti èyí tí wọn ò tíì sín ńkọ́? Adolphus Mann, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1887: ẹni tó ń kà á á fa márùn-ún márùn-ún sọ́dọ̀. Márùn-ún lọ́nà ogún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Ọwọ́ ló ń ṣe ìṣirò náà.

Ní etí ọ̀sà kan náà, ní Èbúté Ìkòròdú, olùkọ́ tó bá ní kí ọmọ di igi ìgbálẹ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá pọ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ó dáa. Àmọ́ ibì kan wà tí ìdì igi ò lè mú ọmọ dé. Ẹ gbé ọ̀kẹ́ kan sápá ọ̀tún, ẹ gbé e sápá òsì, ọ̀kẹ́ náà ni. Nọ́ńbà tí a kọ sílẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀: 2 inú 25 kì í ṣe 2 inú 52. Ipò rẹ̀ ló ń sọ iye rẹ̀, owó ẹyọ ò sì nílò ipò kankan. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó mọ ìdì igi dáadáa ṣe lè kọ 2004 tí ẹ bá ní kó kọ igba ó lé mẹ́rin.

Lójú tèmi, kí olùkọ́ fi ẹfun fa ojú ìlà mẹ́ta sílẹ̀, kó sì fún ọmọ ní owó ẹyọ (ó ṣì wà lọ́jà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ìbílẹ̀) tàbí ìdérí ìgò. Tí ojú ìlà apá ọ̀tún bá pé mẹ́wàá, kó kó gbogbo rẹ̀ kúrò, kó fi ẹyọ kan ṣoṣo sí ojú ìlà tó tẹ̀ lé e lápá òsì. Ẹyọ kan náà ni, kò tóbi jùyẹn lọ, ibi tó wà nìkan ló yàtọ̀. Tó bá wá to igba ó lé mẹ́rin, méjì á wà lápá òsì, mẹ́rin lápá ọ̀tún, àárín á ṣófo. Kó kọ òdo síbẹ̀.