Irin àti Alumíníọ̀mù: Èwo Ló Yẹ Kó Jẹ́ Ṣáásì Ọkọ̀ Eré Ìje Àwòṣe?

Ṣáásì ni eegun ẹ̀yìn ọkọ̀. Òun ló ru ẹ́ńjìnnì, jíà àti àga tí èèyàn jókòó lé. Ẹni tó bá ń wakọ̀ ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó sí Ayétòrò tàbí sí Ìdí-Ìrókò, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tí kòtò ń fi ojú rẹ̀ rí.

Ọkọ̀ eré ìje àwòṣe ni èyí tí wọ́n kàn lẹ́yìn tí ògbólógbòó ọkọ̀ kan ti lókìkí, kó lè jọ ọ́. Cobra ni wọ́n ń wò kọ jù. Lọ́dún 1962 ni Carroll Shelby, ará Amẹ́ríkà, ki ẹ́ńjìnnì Ford bọ inú ọkọ̀ iléeṣẹ́ AC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Páìpù irin ńláńlá méjì ni ṣáásì rẹ̀, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ọwọ́ lù ni ara rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àwòṣe rẹ̀ ní ṣáásì irin, àmọ́ fáíbà ni ara wọn. Kódà, Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, èyí tí wọ́n tò ní Èkó láti 1975, ìsàlẹ̀ onírin rẹ̀ ni àwọn òyìnbó máa ń kọ́ àwòṣe Porsche 356 lé lórí.

Bí irin àti alumíníọ̀mù bá tóbi bákan náà, irin fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ní ìlọ́po mẹ́ta. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù tètè ń tẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ nípọn jù ú lọ. Iléeṣẹ́ Lotus mọ ọgbọ́n rẹ̀: àtè pàtàkì ni wọ́n fi lẹ ṣáásì alumíníọ̀mù Elise pọ̀ lọ́dún 1996, kò sì ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 68 lọ, ìwúwo àgbàlagbà kan péré.

Àtúnṣe ni wàhálà wà. Wẹ́dà abẹ́ igi lè jó irin pọ̀ kó sì mú un dáadáa. Alumíníọ̀mù kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n Celsius 660 ló ti ń yọ́, ṣùgbọ́n awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bò ó kò ní í yọ́ títí ooru yóò fi kọjá 2,000. Kì í pọ́n bí irin kó tó yọ́. Òjijì ló máa ń wó lulẹ̀. Gáàsì argon àti ẹ̀rọ tirẹ̀ ni wọ́n fi ń jó o. Bí iṣẹ́ náà tilẹ̀ dára, ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí wọ́n jó lè pàdánù nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bí kòtò ṣe ń gbá ọkọ̀ kò tó láti ba irin jẹ́ bí agbára rẹ̀ kò bá kọjá ìwọ̀n kan, àmọ́ alumíníọ̀mù kò ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀: gbogbo ìgbátí ló ń kó jọ, títí yóò fi là. Lójú tèmi, irin ló bá ọ̀nà tiwa mu.

Lóòótọ́, irin ń dípẹtà. Land Rover ti 1948 jẹ́rìí sí i: irin wọ́n lẹ́yìn ogun, wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe ara rẹ̀, wọ́n fi irin ṣe ṣáásì. Títí dòní, ara àwọn ògbólógbòó rẹ̀ máa ń dán nígbà tí ìpẹtà ti jẹ abẹ́ wọn. Bí omi bá sì dúró níbi tí méjèèjì ti kanra, alumíníọ̀mù ni yóò jẹ tán.

Láti oṣù kìn-ín-ní 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀, ṣùgbọ́n Range Rover tí alumíníọ̀mù ló pọ̀ jù nínú àgọ́ ara rẹ̀ láti 2012 ń wọlé láti èbúté. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá fún wẹ́dà, ẹ mú òòfà mọ́ abẹ́ rẹ̀. Bí kò bá lẹ̀, ẹ béèrè bóyá ó ní argon.