Àmì Òróró Wòlíì: Ẹ̀kọ́ láti Èbúté Mẹ́ta

Nínú Májẹ̀mú Láéláé, ibi kan ṣoṣo ni Ọlọ́run ti pàṣẹ ní gbangba pé kí a fi òróró yan ènìyàn sí ipò wòlíì: Àwọn Ọba Kìn-ín-ní 19:16, níbi tí a ti rán Èlíjà sí Èlíṣà. Síbẹ̀, nígbà tí Èlíjà bá Èlíṣà lẹ́nu iṣẹ́ oko, a kò kà á pé ó ta òróró sí i lórí. Agbádá rẹ̀ ni ó dà bò ó. Lẹ́yìn èyí, Èlíṣà di ìránṣẹ́ tí ń bu omi sí ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ (Àwọn Ọba Kejì 3:11). Ó pẹ́ kí agbádá náà tó di tirẹ̀.

Ìlànà yìí kan náà ni a rí nínú ìtàn ìjọ ní ìlú Èkó. A bí Josiah Akíndáyọ̀mí ní Oǹdó ní ọdún 1909, sí ìdílé tí ń bọ Ògún. Ó ṣe ìrìbọmi ní ìjọ CMS ní 1927, ó sì wọ ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ní 1931. Ìtàn ìjọ rẹ̀ sọ pé ọdún méje ni ó fi kọ etí ikún sí ohùn tí ń pè é sí iṣẹ́ Olúwa, tí gbogbo òwò tó dáwọ́ lé kò sì yọrí. Kò mọ̀wé kà, kò mọ̀ ọ́n kọ. Bẹ́ẹ̀ náà, láti inú ẹgbẹ́ àdúrà ilé nọ́ńbà 9, Òpópónà Willoughby, ní Èbúté Mẹ́ta, ni ìjọ Redeemed Christian Church of God ti jáde ní 1952.

Ní 1973, Enoch Adéjàre Adébóyè, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó ní Akọka, dara pọ̀ mọ́ ìjọ náà. Iṣẹ́ wo ni wọ́n fún ọ̀mọ̀wé yìí? Wọ́n fi í ṣe ògbufọ̀: ó ń túmọ̀ ìwàásù bàbá tí kò mọ̀wé láti èdè Yorùbá sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1975 ni wọ́n fi í joyè pásítọ̀. Bàbá sùn nínú Olúwa ní 1980. Àwọn tó ti pẹ́ nínú ìjọ ju Adébóyè lọ wà níbẹ̀, awuyewuye sì ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí bàbá ti fi èdìdì dì sílẹ̀ ni wọ́n kà sétígbọ̀ọ́ ìjọ, Adébóyè sì di alábòójútó àgbà ní 1981.

A rí ohun méjì kọ́. Èkíní, ògbufọ̀ kì í sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Bí ó bá fi tirẹ̀ kún un, ó ti ba iṣẹ́ jẹ́. Iṣẹ́ wòlíì gan-an nìyẹn. Èkejì, bàbá kò ka ipò náà sí ogún ilé rẹ̀; ó mọ̀ pé ohun ìṣọ́ ni.

Ní Mùṣín àti Sùúrùlérè lónìí, ìgò òróró kò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń fi Orín Dáfídì 105:15 ṣe asà, kí ẹnikẹ́ni má baà bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn baba ńlá tí wọ́n jẹ́ àlejò láàárín ọba ilẹ̀ onílẹ̀ ni sáàmù náà ń sọ nípa wọn, pé kí a má pa wọ́n lára. Kò sọ pé kí a má bá ẹni àmì òróró wí. Ṣebí a ta òróró sí Dáfídì lórí, Nátánì sì bá a wí lójúkojú? Pọ́ọ̀lù náà ní kí ìjọ máa dán ọ̀rọ̀ wòlíì wò (1 Kọ́ríńtì 14:29). Jòhánù sì kọ́ wa pé gbogbo onígbàgbọ́ ni ó ní àmì òróró láti ọ̀dọ̀ Ẹni Mímọ́ (1 Jòhánù 2:20). Èyí tí ó wà lára wòlíì kò pa ti ìjọ lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀yin tí a fẹ́ gbé ọwọ́ lé lórí, kí ẹ tó béèrè òróró, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè: ọ̀rọ̀ ta ni mò ń túmọ̀? Bí Olúwa bá sì ní kí n gbé agbádá yìí fún ẹlòmíràn lọ́la, ṣé ọwọ́ mi yóò tú sílẹ̀?