Oúnjẹ Ni, Kì Í Ṣe Kòkòrò: Ìtàn Àrùn Pẹ̀lágírà

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àwọn àgbà a máa sọ pé ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Ohun tí ènìyàn jẹ ni wọ́n ń bá wí. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí yóò fi hàn pé ohun tí ènìyàn kò rí jẹ náà a máa pa á, ara awọ rẹ̀ ni a ó sì ti kọ́kọ́ rí i.

Pẹ̀lágírà ni orúkọ àrùn náà. Ní 1735, Gaspar Casal, oníṣègùn kan ní Asturias ní ilẹ̀ Spéìn, rí i lára àwọn àgbẹ̀ tálákà. Ibi tí oòrùn bá ti ń pa wọ́n, ní ọwọ́, ní ẹsẹ̀ àti ní ọrùn, awọ ibẹ̀ a pọ́n, a dúdú, a sì máa bó. Lẹ́yìn èyí, ìgbẹ́ gbuuru a dé. Bí ó bá pẹ́, orí aláìsàn a dàrú, a sì kú. Casal ṣàkíyèsí pé àgbàdo ni olórí oúnjẹ wọn, àti pé agbára káká ni wọ́n fi ń rí ẹran jẹ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àrùn yìí gbilẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Láàárín nǹkan bí ogójì ọdún, ó pa tó 100,000 ènìyàn, dúdú àti funfun. Àwọn tí ń gbin òwú lórí ilẹ̀ onílẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ ni ó bá jù. Ìyẹ̀fun àgbàdo, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ àti omi dúdú tí a sè láti ara ìrèké ni oúnjẹ wọn. Àwọn ènìyàn rò pé àrùn tí ń ranni ni. Wọ́n ń sá fún aláìsàn, ilé ìwòsàn mìíràn kò tilẹ̀ gbà wọ́n.

Ní 1914, ìjọba rán Dókítà Joseph Goldberger láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ó wọ ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí àti ilé àwọn alárùn ọpọlọ, ó sì rí i pé àwọn tí a ń tọ́jú níbẹ̀ ní pẹ̀lágírà, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ kò ní in. Ẹ bá mi rò ó wò. Bí àrùn náà bá ń ranni lóòótọ́, èéṣe tí kò fi ran ẹni tí ń wẹ aláìsàn, tí ń pa aṣọ rẹ̀ dà? Kòkòrò àrùn kò mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́. Oúnjẹ wọn ni ó yàtọ̀.

Ó fi mílíìkì, ẹyin, ẹran àti ẹ̀wà kún oúnjẹ ní ilé ọmọ aláìlóbìí méjì ní ìlú Jackson, ní Mississippi. Nígbà tí ó fi di ọdún kejì, àrùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láàárín wọn. Ní 1915, ẹlẹ́wọ̀n 12 ní oko ẹ̀wọ̀n Rankin gbà láti máa jẹ oúnjẹ tálákà, gómìnà sì ṣèlérí ìdáríjì fún wọn. Ara wọn le ní oṣù kẹrin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó di oṣù kọkànlá, àrùn ti hàn lára 6 nínú àwọn 11 tí ó kù. Lóde òní, a kò ní gbà kí a fi òmìnira ra ara ẹlẹ́wọ̀n bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀ àwọn dókítà kan kò gbà. Ní 1916, Goldberger gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sí ara rẹ̀, ó sì gbé èépá awọ, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ wọn mì. Mary ìyàwó rẹ̀ náà gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sára. Pẹ̀lágírà kò mú ẹnì kankan nínú wọn.

Kí ló wá dé tí ìjà kò tán? Ìdí ni pé bí a bá gbà pé oúnjẹ ni, a ó bi onílẹ̀ àti olówó léèrè ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń jẹ. Goldberger àti Edgar Sydenstricker ṣírò iye owó tí ń wọ ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìhunṣọ ní South Carolina: bí owó ilé bá ti kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni àrùn náà ṣe pọ̀ tó. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

Goldberger kú ní 1929. Ní 1937 ni Conrad Elvehjem ní Wisconsin fi hàn pé niacin, ọ̀kan nínú àwọn fítámínì, ni ara ń ṣàìní. Niacin wà nínú àgbàdo, ṣùgbọ́n ó so mọ́ ara ọkà náà débi pé inú wa kò lè rí i gbà dáadáa. Ara wa tún lè fúnra rẹ̀ ṣe niacin láti inú tryptophan, èròjà kan tí ó wà nínú ẹran, ẹyin, mílíìkì àti ẹ̀wà. Èyí pẹ̀lú kò pọ̀ nínú àgbàdo. Àwọn ará Mẹ́síkò, tí wọ́n ti ń gbin àgbàdo láti ayébáyé, a máa fi omi eérú tàbí omi òkúta ẹfun tí a sun sè é, èyí sì ń tú niacin sílẹ̀. Àwọn Òyìnbó gba ọkà náà lọ, wọn kò gba ọgbọ́n sísè rẹ̀.

Láti òkè òkun ni àgbàdo ti dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Àwọn ìyá wa kò gbọ́ orúkọ niacin rí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ wọn kì í sábà dá wà láìsí àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín. Ní 1990, àwọn ará Mozambique tí ogun lé wọ Màláwì ń jẹ àgbàdo tí a ń pín fún wọn. Nígbà tí ẹ̀pà tí a máa ń fi kún un kò wá mọ́, ó lé ní 18,000 nínú wọn tí pẹ̀lágírà mú. Nítorí ẹ̀pà! Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin tí ń pín oúnjẹ fún ọmọ ilé ìwé tàbí fún ẹni tí ogun lé, ẹ má ṣe wò ó pé ikùn sáà ti yó. Ẹ wo ohun tí ó tẹ̀ lé ẹ̀kọ nínú àwo.