Wíǹṣì tó ń fa mọ́tò gun tírélà: Bí ẹ ṣe le yàn án, àti bí ẹ ṣe le lò ó láìsí ewu

Ẹni tó bá dàgbà sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tó sì ti dúró wo àwọn awakọ̀ agbégilódò nígbà tí wọ́n ń kó ìtì gẹdú sẹ́yìn ọkọ̀, ti mọ iṣẹ́ wíǹṣì, bí kò bá tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Irin roboto kan ni, tí wáyà wé mọ́ lára. Bó ṣe ń yí ni wáyà náà ń wé sí i lára, tí ìtì igi tí ogún ọkùnrin kò le gbé yóò sì máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kan náà ni àwọn oníṣẹ́ tóówìn, àwọn mẹkáníìkì àti àwọn tó ń kó ọkọ̀ tòkunbọ̀ fi ń fa mọ́tò gun tírélà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe ìwádìí kí wọ́n tó ra èyí tí owó wọn bá ká. Bí ẹ̀rọ tàbí wáyà kò bá lágbára tó ẹrù tí wọ́n fẹ́ fi fà, wáyà le já. Wáyà tó bá já nígbà tó le tantan kì í wulẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ńṣe ló máa ń na ohun tó bá wà lọ́nà rẹ̀ bí ẹgba, ó sì le ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀ tàbí kó gbẹ̀mí èèyàn.

Èwo ni kí ẹ rà?

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkíní ni èyí tí a ń fi ọwọ́ yí. Kò wọ́n, kò nílò bátìrì, ó sì dára fún ọkọ̀ kékeré tí táyà rẹ̀ ń yí dáadáa. Èkejì ń lo iná bátìrì. Ó máa ń mu iná gan-an, nítorí náà, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó gbé e gbọ́dọ̀ wà ní títàn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń lò ó. Ẹ̀kẹta ń lo agbára epo háídírọ́líìkì. Òun ló le ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, òun ló sì bá àwọn oníṣẹ́ tóówìn mu.

Ìwúwo ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Toyota Corolla máa ń wọ̀n tó nǹkan bí 1,300 kílò, Hilux sì le tó 2,000. Lórí ilẹ̀ líle, bí táyà bá ń yí, tí irin tí mọ́tò fẹ́ gùn kò sì dagun jù, agbára tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo ọkọ̀ le fà á gòkè. Ṣùgbọ́n nígbà òjò, ọ̀nà oko àti abúlé wa kì í ṣe ilẹ̀ líle. Mọ́tò tó bá rì sínú ẹrẹ̀ dé ikùn le gba agbára tó tó gbogbo ìwúwo rẹ̀, tàbí tó jù ú lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń fi ìdajì lé ìwúwo ọkọ̀: ẹni tó fẹ́ fa Corolla, kó wá wíǹṣì tó le fa 2,000 kílò, ti Hilux, 3,000.

Ẹ má sì jẹ́ kí iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ tàn yín. Ìgbà tí wáyà bá kù sí ìpele kan ṣoṣo lára irin roboto ni agbára náà pé. Bí wáyà bá ti ń wé lé ara wọn ni agbára ń dín kù.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó

Ẹ kọ́kọ́ rí i pé tírélà so mọ́ ọkọ̀ tó ń fà á, kí ẹ sì fi òkúta tàbí igi dí táyà méjèèjì. Ẹ gbé jíà mọ́tò tí ẹ fẹ́ fà sí níútírà, kí ẹ sì rí i pé ọwọ́ ọkọ̀ kò há. Ojú ìkọ́ tí ilé iṣẹ́ ṣe sára ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́ wáyà mọ́. Ẹ má ṣe kọ́ ọ mọ́ bọ́ńpà tàbí irin tó ń darí táyà.

Wáyà kò gbọ́dọ̀ tán lára irin roboto. Ó kéré tán, kó ṣẹ́ ku ìwé márùn-ún. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kí ẹ sì da aṣọ tó wúwo lé àárín wáyà, kó má baà fò bí ó bá já.

Àwa Yorùbá kì í rí ẹni tí mọ́tò rẹ̀ rì ká kọjá lọ. Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n àwọn aláàánú tó rọ̀gbà yí wáyà ká ni ewu sún mọ́ jù. Kí gbogbo èèyàn jìnnà ju gígùn wáyà lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì dá a kọjá.

Bí mọ́tò bá ti gùn ún tán, iṣẹ́ wíǹṣì parí nìyẹn. Kì í ṣe òun ló yẹ kó di mọ́tò mú lójú ọ̀nà. Bẹ́líìtì tó nípọn ni kí ẹ fi de igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ìwúwo mọ́tò sì sún síwájú díẹ̀, kí tírélà má baà máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ tú wáyà wò. Bí okùn rẹ̀ bá ti ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bó ti wù kí wáyà tuntun wọ́n tó, kò le wọ́n tó ẹsẹ̀ èèyàn.