Bíbélì Lọ́wọ́, Irin Lọ́kàn

Irin ló ń bọ́ Ọ̀rẹ̀. Ayùn ń la gẹdú, mọ́tò ń já èrò Èkó sílẹ̀ kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó kọjú sí Benin, àdá ń ṣán oko kòkó títí dé Òdìgbó. Abájọ tó fi jẹ́ pé láyé àwọn bàbá wa, bí èèyàn méjì bá ń jà sí ààlà oko, irin ni wọ́n ń gbé jáde. Ẹni tó fẹnu kàn án ti sọ tẹnu rẹ̀. Ẹni tó ń fà sẹ́yìn kí irin tó dé ètè rẹ̀ náà ti sọ tirẹ̀. Lónìí, Bíbélì la ń gbé níwájú adájọ́. Mo ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn nínú kóòtù rí, tí ọmọ bàbá kan náà méjì, ọmọ ìjọ kan náà, gbé ìwé kan náà sókè. Ọ̀kan ní apá ọ̀tún odò ni oko bàbá àwọn parí sí, èkejì ní rárá, ó kọjá odò. Ẹnì kan ń parọ́ nínú wọn, ìwé náà kò sì wúwo lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n búra fún Gómìnà Lucky Aiyedatiwa ní Àkúrẹ́ ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2025, ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ ní gbogbo ọjọ́ ìbúra tún jáde níbi tí mo ti ń gẹrun: kí wọ́n kúkú máa fi Ògún búra fún olóṣèlú, ká wá wo ẹni tí yóò fọwọ́ kan owó ìlú. Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ló sọ ọ́. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé ni mo tó rí i pé ọkùnrin náà ti jẹ́wọ́ ẹni tó ń bẹ̀rù. Ìwé òfin Nàìjíríà ní kí gómìnà fi ẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́run parí ìbúra rẹ̀. Akọrin wa kò rò pé Ọlọ́run yẹn ń dá sí i.

Kì í ṣe pé òfin kò tó. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 kò gba ẹ̀rí ẹnu tí kò bá ti orí ìbúra tàbí ìlérí òtítọ́ wá, àfi níbi tó bá yọ ẹnì kan sílẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni ìwé òfin ìwà ọ̀daràn kà sílẹ̀ fún ẹlẹ́rìí èké. Ìwé yẹn kan náà, ní ìpín 370, fi ọdún 7 sí ẹni tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ìgbéyàwó lábẹ́ òfin tó tún lọ gbé òmíràn nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣì wà. Ẹ wo àwọn tó ń gba àwo ọrẹ láàárín wa, kí ẹ sọ fún mi iye tó ti ṣẹ̀wọ̀n.

Ibi tí ìbúra ti kú gan-an ni ìdí tábìlì àwọn tó ń tẹ ìwé níwájú kóòtù. Ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ ìjọba dé, ó gé ọdún mẹ́fà kúrò lára ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí àfidáfíìtì, òǹtẹ̀ dún, ó sanwó, ó lọ. Ó ti búra o! Kò tilẹ̀ la ẹnu. Lọ́jọ́ Sunday, a ó dúpẹ́ fún iṣẹ́ náà níwájú pẹpẹ.

Ìjọba amúnisìn ló kọ́kọ́ yọ eyín ìbúra. Ìpín 207 nínú òfin ìwà ọ̀daràn náà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1916, fi òfin de fífi májèlé igi èrún, epo gbígbóná tàbí iná dán olùjẹ́jọ́ wò. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Májèlé kì í mọ olóòótọ́, inú ẹni ló ń mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní eyín tirẹ̀ nígbà náà. Láti 1884 tí gbogbo Bíbélì ti wà lédè wa, òun ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa fi mọ̀wé kà. Wọ́n mọ ohun tó wà nínú ohun tí wọ́n gbé sókè. Àwa ń fi sábẹ́ ìrọ̀rí, a ń ṣí Sáàmù lé omi lórí. A ti sọ ìwé di irin, irin tí kò mú, nítorí a ti kọ́ ara wa pé àdúrà òru ọjọ́ kan lè wẹ gbogbo rẹ̀ nù.

Ẹ má rò pé irin ni mò ń fẹ́ ká padà sí. Ọ̀nà kan náà ló so àwa àti Benin pọ̀, a sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ń kó ọmọbìnrin lọ ṣe aṣẹ́wó ní Ítálì mú wọn búra ní ojúbọ, ìbúra náà sì dè wọ́n kọjá òkun. Àjọ NAPTIP, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003 láti gbógun ti òwò ẹrú bẹ́ẹ̀, ń wá ẹlẹ́rìí, ẹ̀rù kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀, títí Ọba Ewuare Kejì ti Benin fi tú àwọn ọmọbìnrin náà sílẹ̀ nínú ìbúra ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2018, tó sì gégùn-ún fún àwọn tó mú wọn búra. Ọmọ ìjọ pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà. Ọba ló tú wọn, kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù.

Mo mọ̀ pé àgbà ní gbogbo ìgbà ló ń sọ pé ayé àná dára. Bí àwọn ará àtijọ́ kò bá ń jẹ́rìí èké, kò ní sí nínú Òfin Mẹ́wàá. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé irọ́ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí mo rí ni pé owó orí rẹ̀ ti wálẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ yìí gbà. Àwọn Quaker kọ̀ láti búra nítorí Jésù, òfin sì gba ìlérí wọn láti 1695. Charles Bradlaugh ní tirẹ̀ kò gba Ọlọ́run gbọ́, ìlérí lòun náà kọ́kọ́ bèèrè fún. Wọ́n dìbò yàn án ní 1880, ó di 1886 kó tó fìdí múlẹ̀ nílé aṣòfin, òfin tó gba irú rẹ̀ láàyè sì dé ní 1888. Onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́ wá ọ̀nà láti má búra, nítorí wọn kì í fi ìbúra ṣeré níbẹ̀. Àwa kò kọ ọ́ rí. Nínú Mátíù orí karùn-ún, Jésù ní kí àwọn tirẹ̀ má búra rárá. Òfin Ẹ̀rí wa fi àyè sílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìpín 208.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo tíì rí tó bèèrè fún un, bàbá àgbẹ̀ kan, ní kóòtù tí n kò ní dárúkọ. Ó ní òun kò ní búra, òun á kàn sọ òótọ́. Akọ̀wé wo adájọ́. Àwọn èrò kóòtù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé bàbá ní ohun tó ń fi pamọ́.